Ara Kò Mọ Dáyẹ́ẹ̀tì, Ìyàn Ló Mọ̀

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ oúnjẹ ní Ìbàdàn. Mo tún un kọ kí ó lè ṣeé kà. Mo yọ àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń yí mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kí àwọn ibi tí ẹ ti fi mí rẹ́rìn-ín wà níbẹ̀.)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin àgbà tó wà níwájú, mo júbà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn kí ẹ lè tètè yọ́ lọ jẹun, mo rí yín.

Orí ìwé kan tí a máa ń fún àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ ní ọsibítù mọ irú ìwé náà: ojú ewé kan ṣoṣo, fọ́tòkọ́pì tí wọ́n ṣe láti ara fọ́tòkọ́pì, tí ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ ti ṣá títí tí kò fi ṣeé kà mọ́. Lápá òsì, "MÁ JẸ": ẹ̀bà, fùfú, iyán, àmàlà, ìrẹsì funfun, búrẹ́dì funfun, dòdò, ẹran ọlọ́ràá. Lápá ọ̀tún, "JẸ": wíìtì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àìpọ́n, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, kùkúńbà, ápù, mílíìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀. Ápù o! Ìyá tó ń ta ata ní Bódìjà, tí owó ápù mélòó kan á gbé ọbẹ̀ ọjọ́ kan nílé rẹ̀, òun ni mò ń kó ìwé yìí fún, tí màá tún fi báírò fàlà sábẹ́ "ápù" kó má baà gbàgbé.

Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo fi pín ìwé yẹn. Ní wọ́ọ̀dù, "Àǹtí Oúnjẹ" ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tó yá ni mo gbọ́ pé "Àǹtí Má-jẹ-ẹ́" ni wọ́n ń pè mí tí mo bá ti yíjú. Ká sọ tòótọ́, èyí ló bá iṣẹ́ mi mu.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Ẹni tó bá wọlé, orí òṣùwọ̀n ni màá kọ́kọ́ ní kó gùn, kó tó jókòó, kí n tó kí i dáadáa. Màá wọn bó ṣe ga tó, màá fi fóònù ṣe ìṣírò, màá wá pe iye rẹ̀ sókè bí olùkọ́ tó ń ka máàkì ìdánwò. Ìwé á tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn oṣù kan, kó padà wá. Bí kílò bá wálẹ̀, màá pàtẹ́wọ́. Bí kò bá wálẹ̀, màá tẹjú mọ́ ọn: "Mọ́mì, ẹ sọ òótọ́ fún mi, kí lẹ jẹ?" Ọlọ́pàá ni mò ń ṣe. Èmi rò pé ìfẹ́ ni.

Obìnrin kan wà tí màá pè ní Ìyá Aláṣọ. (Aṣọ kọ́ ló ń tà, mo yí i padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀.) Àtọ̀gbẹ ló gbé e wá, orúnkún sì ń dùn ún. Kò sí ẹni tó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu tó o. Láàárín oṣù mẹ́ta, kílò mẹ́sàn-án ti kúrò lára rẹ̀. Mo mú un dúró níwájú àwọn tó kù, mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, a ò rí i mọ́. Mo kọ "kò padà wá" sínú fáìlì rẹ̀, mo sì gbé fáìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, a pàdé níbi ìgbéyàwó kan. Mò ń gba àárín tábìlì kọjá, mò ń wá àga. Gèlè rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀. Ara rẹ̀ ti padà, ó tiẹ̀ ti ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwo ìrẹsì wà níwájú rẹ̀, dòdò mẹ́rin àti ẹran kan lórí ẹ̀. Bó ṣe gbójú sókè tó rí mi báyìí, ó sáré mú báàgì ọwọ́ rẹ̀, ó fi bo àwo náà. Báàgì aláwọ̀ góòlù, èyí tó rà láti fi bá aṣọ ẹbí mu. Ọbẹ̀ ata ràn mọ́ ìdí báàgì. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ káàsán mà," ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lórí báàgì yẹn títí mo fi kọjá. Obìnrin tó tó bí mi lọ́mọ!

Mi ò lè jẹun níbi ìnáwó yẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò mú ìwé kankan dání, mo kàn lọ jókòó ni. Ó wá sọ ohun tí mi ò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó ní nígbà tí òun rù yẹn, àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wo òun. "Ṣé kò sí o? Ṣé ara le?" Àbúrò ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ẹ sì mọ ohun tó ń rò tí kò lè fẹnu sọ. Nílẹ̀ wa níbí, ẹni tó bá sanra, ayé ń yẹ ẹ́. Ẹni tó bá rù, wọ́n á máa wá àìsàn lára rẹ̀. Èmi ń pàtẹ́wọ́ fún un ní ọsibítù, àdúgbò ń ṣàánú rẹ̀ nílé. Ìyẹn nìkan kọ́. Ó ní ebi tí kò pa òun rí bẹ̀rẹ̀ sí í pa òun lóru. Á jí ní aago méjì, á tọ inú òkùnkùn lọ sí kíṣìnnì, á fi ọwọ́ bu ẹ̀bà àná jẹ láìtanná, kí àwọn ọmọ má baà rí i. Ó ní, "Àǹtí, mo rò pé ẹ̀mí ọ̀kánjúwà ni. Mo gbààwẹ̀ lé e lórí."

Ẹ gbọ́ o. Ebi ń pa á, ó fi àwẹ̀ lé ebi.

Èmi náà rò pé ọ̀kánjúwà ni. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé mo ti ka ìdáhùn rẹ̀ ní yunifásítì, mo kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo gba máàkì, mi ò wá jẹ́ kó bá mi wọnú yàrá tí mo ti ń rí aláìsàn.

Ní 1944, ogun àgbáyé kejì ń jà, ebi ń pa àwọn èèyàn ní Yúróòpù. Ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Ancel Keys kó ọ̀dọ́kùnrin 36 jọ, àwọn tí ẹ̀rí ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n lọ jagun, tí wọ́n sì yọ̀ǹda ara wọn. Ó fẹ́ mọ ohun tí ebi ń ṣe lára, kí wọ́n lè mọ bí wọn yóò ṣe bọ́ àwọn tí ogun ti febi pa. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi dín oúnjẹ wọn kù sí bíi kálórì 1,570 lójúmọ́ (kálórì ni a fi ń wọn agbára tó wà nínú oúnjẹ), wọ́n sì ń rin máìlì 22 lọ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀. Ṣé ẹ mọ iye tí mò ń kọ fún àwọn obìnrin tó ń wá sọ́dọ̀ mi? 1,200. Òótọ́ ni pé ọkùnrin ni ti Keys. Síbẹ̀, ohun tí òun ń pè ní ebi, èmi ń gé e kúrú sí i, mò ń pè é ní ìtọ́jú.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọ̀dọ́kùnrin yẹn? Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ara wọn lọ. Òtútù ń mú wọn nígbà tí ooru ń mú ẹlòmíì, ọkàn wọn ń lù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ kékeré á bí wọn nínú. Ọ̀rọ̀ obìnrin kúrò lẹ́nu wọn, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kù. Ẹni tí kò se ọbẹ̀ rí láyé rẹ̀ ń kó ìwé ìdáná jọ. Wọ́n ń lá àwo. Nígbà tí wọ́n wá ní kí wọ́n máa jẹ bó ṣe wù wọ́n, àwọn kan jẹ títí ikùn kò gbà mọ́, wọ́n sì ní ebi ṣì ń pa àwọn. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀kánjúwà o. Wọ́n ṣà wọ́n ni, nítorí pé ara wọn le, orí wọn sì pé.

Ara kò mọ dáyẹ́ẹ̀tì. Ìyàn ló mọ̀. (Ìyàn ni mo wí, n kò sọ pé iyán, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀ṣà, ẹ jókòó.) Ara kò lè mọ̀ bóyá torí aṣọ ẹbí lo ṣe pa ebi mọ́nú ni, tàbí òjò ni kò rọ̀ lóko. Ohun kan náà ló máa ṣe: á dín ìnáwó kù, á sì máa pariwo oúnjẹ. Ní 1994, Jeffrey Friedman àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní New York rí ìránṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní leptin; ọ̀rá ara ló ń rán an lọ bá ọpọlọ pé "oúnjẹ wà nílé." Ní 1999, àwọn ará Japan rí ghrelin, tí ikùn ń rán níṣẹ́ pé "ebi o." Bí ènìyàn bá rù, ti àkọ́kọ́ á rẹlẹ̀, ti ìkejì á ròkè. Àwọn onímọ̀ kan ní Australia lọ wo àwọn tó rù lẹ́yìn ọdún kan, èsì wọn jáde ní 2011: àwọn ìránṣẹ́ yẹn ṣì ń pariwo. Ọdún kan gbáko! Ìyá Aláṣọ sì ń gbààwẹ̀.

Ní 2016, Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún lọ wá èèyàn 14 tó ti bá wọn díje lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, níbi tí ẹni tó bá rù jù lọ ti ń gbowó. Ọdún mẹ́fà ti kọjá. 13 nínú wọn ti sanra padà, àwọn kan tiẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ara wọn sì ń ná nǹkan bí kálórì 500 lójúmọ́ dín sí ohun tó yẹ kó máa ná. Kálórì 500, òkìtì ẹ̀bà kan nìyẹn. Lójoojúmọ́, ara wọn ń fi òkìtì ẹ̀bà kan pa mọ́ de ìyàn tó ń bọ̀. Ìwọ wá jókòó sí ọ́fíìsì, o ń bi í pé, "Kí lẹ jẹ?"

Mi ò fa ìwé mi ya lọ́jọ́ kan. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lọ́wọ́ mi ni. Ohun tó kọ́kọ́ yí padà ni ìbéèrè. Lóde òní, ẹni tó bá wọlé á jókòó, màá ní, "Ẹ sọ àná fún mi, látìgbà tẹ́ ẹ ti jí." Mi ò sọ pé oúnjẹ àná o. Àná.

Bàbá onímọ́tò kan wá. Àtọ̀gbẹ ni tiẹ̀ náà. Ohun tó wà nínú fáìlì rẹ̀ ni pé ó ń jẹun jù, ó sì ń mu mínírà, kò gbọ́ràn. Ó sọ àná fún mi. Ó jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Ó lo oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀, glibenclamide, ó mu omi lé e, ó lọ sí gáréèjì. Kò jẹ nǹkan kan. Títí di aago mẹ́wàá, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n lórí ìdarí, òógùn ń bò ó, ojú rẹ̀ ń ṣú. Á dúró, á ra mínírà tútù kan, á gbé e mu, ojú rẹ̀ á là. Ní aago mẹ́ta á dé bùkà, á jẹ àmàlà mẹ́rin.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ti mọ ibi tí mò ń lọ. Oògùn yẹn kì í bèèrè bóyá o ti jẹun. Bó bá ti wọlé, ṣúgà ló ń tì wálẹ̀. Mínírà tí a kọ sínú fáìlì pé ó ń bá a jà ni kò jẹ́ kó kó èrò sí kòtò lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Bó bá jẹ́ àtijọ́ ni, ohun tí mo máa kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn! Ara mi bù máṣọ. A kọ́kọ́ lọ bá dókítà nítorí oògùn. Lẹ́yìn náà la wá ẹni tó ti ń din àkàrà ní gáréèjì ní aago márùn-ún. Àkàrà àti ẹ̀kọ, owó rẹ̀ kò ju ti mínírà lọ púpọ̀. Mi ò sọ ohunkóhun nípa àmàlà. Oṣù kejì tó padà wá, ó ní, "Àǹtí, àmàlà mẹ́rin yẹn ò wọlé mọ́ o, méjì ló kù." Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ wíìtì, torí mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí. Gbogbo ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ní Ìbàdàn ni wọ́n ti sọ fún pé kó pa ẹ̀bà tì, kó máa jẹ wíìtì. Gíráàmù 100 gaàrì gbígbẹ, bíi kálórì 350. Gíráàmù 100 ìyẹ̀fun wíìtì, bíi 340. Òótọ́ ni pé wíìtì tí wọn kò bó èèpo rẹ̀ ní purotéènì àti èèpo tí ara ń fẹ́ ju gaàrì lọ. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó ń jẹ wíìtì tó tó orí ọmọ ọwọ́, nítorí pé "oògùn ni." Ẹ̀bà ìwọ̀n ìkúùkù kan pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tó bò ó mọ́lẹ̀ dáa ju wíìtì yẹn lọ, owó rẹ̀ sì kéré. Gbẹ̀gìrì ńkọ́? Ọdún mélòó ni mo fi ní kí àwọn èèyàn má jẹ àbùlà, kí wọ́n lọ jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́! Kí ni gbẹ̀gìrì bí kò ṣe ẹ̀wà? Kí ni ewédú? Òróró tó léfòó lójú rẹ̀ ni ká bá alọ́bẹ̀ sọ.

Òṣùwọ̀n mi ṣì wà, mo gbé e sẹ́yìn kọ́tìnnì ni. Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún á gùn ún. Nípa ìṣírò tí a ń fi kílò àti gíga ṣe, tí a ń pè ní BMI, tí a wá fi ń pe ènìyàn ní "ọ̀bẹ́ẹ̀sì" lójú ara rẹ̀: Adolphe Quetelet, ará Belgium, ló gbé e jáde ní nǹkan bí 1832. Kì í ṣe dókítà. Ojú ọ̀run ló ń wò, ìṣírò ló ń ṣe, ó ń wá bí ènìyàn lásán-làsàn ṣe máa ń rí láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn. Ta ló sì fún un ní orúkọ tí a ń pè é lónìí, ní 1972? Ancel Keys. Keys kan náà tó fi ebi han ayé. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i nígbà míì. Nǹkan tí wọ́n fi ń wo èrò ni a ń fi ṣe ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Àwọn ọmọbìnrin tó ń bẹ ní yunifásítì, kúkúrú ni màá sọ tiwọn. Wọ́n fẹ́ jẹ́ lẹ́pa, ẹnu àwọn ọ̀rẹ́ wọn sì mú fún "ọ̀róbó." Tíì tó ń fa ikùn wọlé ni wọ́n ń mu. Ewé senna ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn, ìyàgbẹ́ ló ń fà. Omi àti ìgbẹ́ ló ń jáde, ọ̀rá wà níbi tó wà. Ní gbogbo ọ̀sán wọn ò ní jẹun. Ní aago mọ́kànlá alẹ́, Indomie mẹ́ta. Wọ́n á wá sunkún lọ́dọ̀ mi pé àwọn ò ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Mo máa ń bi wọ́n pé, aago mélòó lo jẹ oúnjẹ àárọ̀? Wọ́n á wò mí bí ẹni pé mi ò gbọ́ ìbéèrè.

Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ mi sódì o. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan lókè òkun ti dé ibi tí wọn ò fẹ́ kí á dárúkọ kílò mọ́ rárá. Mi ò bá wọn débẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí èsì rẹ̀ jáde ní 2002, èèyàn 3,234 tí ṣúgà wọn ti ń gòkè ṣùgbọ́n tí kò tíì di àtọ̀gbẹ. Àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ láti máa rìn ní ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì dín ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ara wọn kù, àtọ̀gbẹ tó mú wọn fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí wọ́n fún ní oògùn asán. Ìdá méje péré! Ẹni tó wọn kílò 90, kílò mẹ́fà àti díẹ̀ ni. Kò kan lẹ́pa. Kì í sì í ṣe fọ́tòkọ́pì ni wọ́n fún wọn: ẹ̀kọ́ mẹ́rìndínlógún, lójúkojú, láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Nítorí náà, bí orúnkún bá ń pa ìyá kan lẹ́kún, èmi á sọ fún un pé kí kílò díẹ̀ wálẹ̀. Màá sì sọ fún un kí ebi tó dé pé ebi á dé, pé ara rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, kó má gbààwẹ̀ lé e.

Abẹ́rẹ́ semaglutide tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ìsanrajù ní 2021, ẹnu ebi ló ń pa mọ́. Àwọn tó ń gbà á ní ṣe ni ariwo oúnjẹ dákẹ́ lórí àwọn. Bí abẹ́rẹ́ bá lè lé e lọ, ṣé ọ̀kánjúwà tún ni?

Ibì kan ṣì wà tí ìwé mi ò kúrò: ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ti ń kọṣẹ́, tí èròjà oúnjẹ kan tó ń jẹ́ potassium ti ń ga nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Níbẹ̀, mo le. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àìpọ́n tí gbogbo ayé ń yìn, òun ni mo máa kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, torí potassium kún inú rẹ̀. Mélòó nínú wọn ló jẹ́ pé ìwé àtọ̀gbẹ mi àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé? Mo máa ń bèèrè báyìí.

Ẹ má rò pé àwọn èèyàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan sọ àná fún mi fún ogójì ìṣẹ́jú. A jọ rẹ́rìn-ín, ó sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó wà ní Canada. A fẹnu kò lórí nǹkan kan ṣoṣo: kó máa jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kó tó jáde láàárọ̀. Ó dìde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí, ìwé mi ńkọ́?"

Mo ya ewé kan, mo fi báírò kọ ọ́: Àárọ̀, ẹ̀kọ kan, mọ́ínmọ́ín kan. Ó gbà á, ó kà á, ó yí i sí ẹ̀yìn, ó tún yí i padà.

"Ibi tí wọ́n kọ ohun tí mi ò gbọdọ̀ jẹ sí dà?"

Mo ní kò sí, mà.

Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi í sínú àpò. Ó ní kò burú, pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kan wà ní ọsibítù míì, ó máa bá òun wá òjúlówó.